Ọdún Mẹ́ta Tí Mo Fi Ṣe Kánsẹ́lọ̀

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni wọ́n máa ń dé. Wọn kì í kan ilẹ̀kùn. Wọ́n á kàn wúkọ́ lábẹ́ fèrèsé. Ìyàwó mi á fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ mi, á ní, "Bàbá Ìbejì, àwọn èèyàn yín ti dé o." Kí n tó ṣe àlùwàlá tán, orí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti kún, àwọn tí kò ráyè jókòó ti fẹ̀yìn ti ògiri. Ọmọ ẹnìkan ni wọ́n lé nílé ìwé nítorí owó. Ẹnìkan ní òkú nílẹ̀, kò rówó ra pósí. Àwọn agbowó-orí káńsù ti gba ọmọlanke ẹnìkan. Ẹlòmíràn wá nítorí pé ìyàwó rẹ̀ ti kó ẹrù lọ sílé bàbá rẹ̀, ó fẹ́ kí Ọnárébù bá òun lọ bẹ̀ ẹ́.

Láti 1999 títí di 2002 ni mo fi jẹ́ kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa, nílùú kan ní Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn tí kò bá wa débẹ̀ rò pé inú gbọ̀ngàn káńsù ni iṣẹ́ náà wà, níbi tí a ti ń wọ agbádá jókòó sórí àga onítìmùtìmù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ wà. Mo ń kọ èyí nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá bá mi báyìí pé àwọn fẹ́ du ipò. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà tèmi ni mo fẹ́ sọ, títí kan ibi tí mo ti ṣìṣe.

Ìyá mi kì í fẹ́ gbọ́ òṣèlú sétí. Ní ìparí 1965, lẹ́yìn ìbò ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn tó dìjà láàárín àwọn Dẹ́mọ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ Akíntọ́lá, àti àwọn tí kò gbà fún wọn, ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n da bẹntiróòlù sí ilé aládùúgbò wa, tí wọ́n ń pariwo "Wẹ́ẹ̀tì ẹ̀!" Onílé náà kì í ṣe mínísítà, kì í ṣe aṣòfin, òun ló kàn ń pe ìpàdé ẹgbẹ́ ní àdúgbò. Ìyá mi ní ohun tó ba òun lẹ́rù jù kì í ṣe iná. Ó ní gbogbo àwọn tó mú epo dání ni òun mọ ìyá wọn, àwọn kan nínú wọn sì ti jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́ òun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo dàgbà tó láti dá ilé náà mọ̀, òpó igi kan níwájú rẹ̀ ṣì dúdú. Àwa ọmọdé a máa ha èédú ara rẹ̀, a ó fi kọ orúkọ wa sára ògiri.

Èmi kò rí 1965. Ohun tí èmi fojú rí ni 1979. Bọ́lá Ìgè di gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN, wọ́n sì kéde pé ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́. Bàbá mi, àgbẹ̀ oníṣu, ti sọ fún mi ṣáájú ìgbà náà pé ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni agbára òun ká. Ọdún náà ni mo wọ kíláàsì kìíní. Ọmọ pọ̀ débi pé abẹ́ igi ọ̀dán ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ wa, tí ìwé á sì máa fò lọ bí afẹ́fẹ́ bá dé. Ìwé tí ẹnìkan fọwọ́ sí ní Ìbàdàn, ìlú tí mi ò tíì dé rí, ló gbé mi kúrò lóko. Ìyá mi gbà pé iná ni òṣèlú. Èmi gbà pé ilé ìwé ni. A kì í já ara wa nírọ́. Ohun tí kálukú rí ló ń sọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fúnra mi dìbò, oṣù Kejìlá 1990 ni, ìbò káńsù láàárín SDP àti NRC, ẹgbẹ́ méjì tí ìjọba ológun fọwọ́ sí. A kò lo pépà. Ẹ̀yìn àwòrán ẹni tí o bá fẹ́ ni wàá tò sí, wọn á wá ka orí yín. Mo ti di olùkọ́ nígbà náà, mo ń gbé ní yàrá kan. Onílé mi tò sí ìlà kan, èmi tò sí ìkejì. Ó yíjú wò mí, kò sọ̀rọ̀. Oṣù tó tẹ̀lé e ló fi kún owó ilé mi. Mo rí ọkọ níhìn-ín, ìyàwó lọ́hùn-ún, tí wọn kò sì lè wo ojú ara wọn. Ní ìlú kékeré, ìbò kì í tán lọ́jọ́ tí a dì í. Ẹni tí o bá dìbò takò lónìí, lọ́dọ̀ rẹ̀ lo ó ti ra kẹrosíìnì lọ́la, inú sàréè kan náà ni ẹ ó sì jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sin òkú àdúgbò. Bí àwọn ọmọ òde òní ṣe ń bú ara wọn lórí Facebook nítorí páátì, ó ń dùn mí, nítorí ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí ní Abuja tó ń ti wọn síjà kò ní bá wọn gbé inú agbolé náà.

Lẹ́yìn June 12 ti 1993, ìbò ààrẹ tí ológun fagi lé, àti gbogbo ọdún ológun tó tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ wa ti fọwọ́ lérán. Abacha kú ní oṣù Kẹfà 1998, Abdulsalami tó gbapò rẹ̀ ní òun yóò gbéjọba fún alágbádá, ìbò káńsù ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀, ní 5 oṣù Kejìlá ọdún náà. Ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní ìwé àṣẹ onígbà díẹ̀. Nígbà tí ìbò náà parí, mẹ́ta ló kù: AD, PDP àti APP. AD ni ti wa. Àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa ránṣẹ́ pè mí sílé ọ̀kan nínú wọn. Wọn ò ṣe ìdìbò abẹ́lé. Wọ́n bi mí bóyá mo jẹ gbèsè, wọ́n bi mí bóyá mo lè jókòó gbọ́ ẹjọ́ kí n má sùn, wọ́n sì bi mí bóyá ìyá mi mọ̀. Mo ní ìyá mi kò mọ̀. Wọ́n ní kí n lọ sọ fún un kí n tó padà wá.

Ó gbọ́, ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "Má jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣe ẹni tí yóò gbé epo."

Ibi ìpolongo ni mo ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ mí níyà jù. Agbolé kan wà ní ìsàlẹ̀ àpáta, nídìí ọ̀nà oko. Odò ni wọ́n ń pọn, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, àwọn obìnrin a máa dìde lóru lọ gbẹ́ yanrìn kí omi lè sun sínú igbá. Ìyá àgbà kan tó ń ta àgbo níbẹ̀ di ọwọ́ mi mú, kò pariwo, ó ní, "Ọmọ mi, a ò béèrè títì ọlọ́dà, a ò béèrè iná. Omi ni." Mo ní, "Ìyá, láàárín oṣù mẹ́fà." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó: ìyá náà kò bi mí ní ọjọ́. Èmi ni mo fi oṣù mẹ́fà kún un, nítorí àwọn èèyàn ń wò mí, tí àtẹ́wọ́ sì ti fẹ́ dún. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn, láàárín oṣù mẹ́fà, ni mo fi ọdún tó lé ní méjì san.

A wọlé. A sì jókòó sílé, nítorí pé ológun ò tíì lọ. Ó di ìparí oṣù Karùn-ún 1999 kí a tó bẹ̀rẹ̀. Mo ra ìwé òfin Nàìjíríà tuntun, mo ka ibi tí wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí. Ọjà, gáréèjì, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo gbòò, orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà ilé, ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú, títí kan ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ àti ọmọlanke. Inú mi dùn. Mo ní gbogbo ohun tí wọ́n fi ń pè mí jí ló wà nínú ìwé yìí.

Owó ló kù. Owó ìjọba ìbílẹ̀ kì í wá tààrà láti Abuja nígbà náà. Àkáǹtì tí òun àti ìpínlẹ̀ jọ ni ló ń gbà kọjá. Alága á lọ sí Ìbàdàn lópin oṣù, á mú ìwé kan bọ̀, akápò á sì kà á fún wa. Owó oṣù àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti yọ ọ́ láti òkè. Owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n ti yọ ọ́. Ìdá 5 nínú 100 ti àwọn ọba, ó jáde. Owó oṣù òṣìṣẹ́ káńsù. Nígbà tó bá kà á dé ìsàlẹ̀, kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀. Zero allocation ni gbogbo Nàìjíríà ń pè é. Oṣù kan wà tí a jókòó, èèyàn mẹ́wàá ó lé tí ìlú dìbò yàn, tí a kò rówó ra yíǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Ó rọrùn kí n dá ẹ̀bi fún ẹni tó ń yọ owó olùkọ́. Mi ò lè ṣe é. Olùkọ́ ni mí, olùkọ́ ni ìyàwó mi. Mo rántí àwọn ọdún tí owó náà wà lọ́wọ́ káńsù, tí olùkọ́ ń lo oṣù lórí oṣù láìgba kọ́bọ̀, tí àwa kan nínú wa ń ru búlọ́ọ̀kù fún bíríkìlà lẹ́yìn ilé ìwé. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ láti òkè, ilé mi ń jẹun, wọ́ọ̀dù mi ò ní omi. Mi ò tíì rí ẹni tó lè sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi kí ó rọrùn.

Oṣù mẹ́fà pé. Mi ò lè gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ àpáta kọjá mọ́. Ìtìjú yẹn ló mú mi yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, mo gba àwọn agbẹ́kànga, mo ní kí wọ́n bá mi gbẹ́ kànga síbẹ̀. Àpáta ni ilẹ̀ Òkè-Ògùn, gbogbo wa la mọ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjìlélógún, irin kan òkúta, ó dún gbọ̀ngan. Wọ́n sún síwájú díẹ̀, òkúta. Wọ́n sún sẹ́yìn, òkúta. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo dúró létí ihò kẹta, mo ń wo ẹ̀kúfọ́ òkúta tó funfun bí iyọ̀, owó ilé ìwé àwọn ìbejì mi ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó tọ́ sí mi.

Ọ̀gá kékeré kan ní ẹ̀ka ìlera àti omi ní káńsù ló là mí lójú. Ó bá mi nídìí ọkọ̀, ó ní, "Ọnárébù, ẹ má bínú o. Ẹ má walẹ̀ mọ́. Ìwé ni kí ẹ kọ." Ó ṣàlàyé fún mi pé ètò kan wà ní Ìbàdàn tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ fún àwọn ìgbèríko, pé ẹ̀rọ wọn ń lu àpáta, pé wọ́n á wá fi irinṣẹ́ wo ibi tí omi wà kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Pé kò sí wọ́ọ̀dù wa nínú ìwé wọn nítorí pé kò sí ẹni tó béèrè. Kò sí ẹni tó béèrè! Èmi ń yáwó, mo ń fọ́ òkúta, bébà kan ni mi ò kọ.

Mo kọ ọ́. Àwọn obìnrin agbolé náà tẹ ìka sí i, baálẹ̀ fọwọ́ sí i, dókítà àgbègbè wa fi ìwé kún un nípa àwọn ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń yọ lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni mo lọ sí Ìbàdàn lórí fáìlì yẹn. Mo ní i lákọsílẹ̀. Ọ̀nà ìgbà náà, ẹni tó bá fi aṣọ funfun wọ ọkọ̀ á fi aṣọ pupa bọ́ sílẹ̀. Ní ìrìn kẹfà, mo bá fáìlì wa lábẹ́ ìkòkò òdòdó ní ọ́fíìsì kan, omi tí wọ́n ń bu sí òdòdó ti rin etí rẹ̀, ìka àwọn ìyá wọ̀nyẹn ti ń ṣàn di búlúù. Mo fi áńkáṣíìfù mi nù ún. Ọmọbìnrin akọ̀wé tó wà níbẹ̀ rí mi, ojú tì í, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó lọ gbé e sórí tábìlì ọ̀gá rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ohun tí mo kọ́ nínú ìrìn mẹ́rìnlá yẹn, mo lè fi kọ́ ọmọ ní kíláàsì. Má lọ lọ́jọ́ Ajé, ìpàdé ni wọ́n wà. Má lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn aago méjìlá. Ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé mẹ́ta mẹ́ta, kí ọ̀kan máa gbé nílé. Mọ orúkọ ẹni tó ń gbé fáìlì láti yàrá kan sí ìkejì, kí o sì kí i bí o ṣe ń kí ọ̀gá rẹ̀, nítorí bí ọ̀gá bá fọwọ́ sí i tí onítọ̀hún kò gbé e, ó kú síbẹ̀. Má fi ẹnu lásán gba ìlérí. Béèrè nọ́ńbà fáìlì. Mo gbà tọkàntọkàn pé iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ tí kò lówó lọ́wọ́ ni èyí: kó jẹ́ ẹsẹ̀ fún àwọn tí kò lè rìn dé Ìbàdàn.

Wọ́n gbẹ́ ẹ ní 2001. Ọjọ́ tí omi tú jáde, ẹlẹ́rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ jẹ́, lẹ́yìn náà ó mọ́. Ìyá alágbo fi ọwọ́ bu ú, ó bù ú sí orí mi.

Oṣù mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ náà dákẹ́. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, ó ń mí hẹ̀ẹ̀, omi kò jáde. Rọ́bà kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ ló ti jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n kọ̀wé sí káńsù, wọ́n dúró. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi padà sódò nítorí rọ́bà. Nígbà tí mo gbọ́, mo fi owó mi rà á, mo mú mẹkáníìkì wá láti Ṣakí, gbogbo agbolé dúpẹ́, wọ́n ní Ọnárébù ṣe bẹbẹ. Orí mi wú. Ó tún jẹ. Mo tún rà á. Nígbà kẹta, mo dé ọ̀dọ̀ ìyá alágbo, mo ní mo ti mú rọ́bà dé. Kò dìde. Ó ń já ewé sínú ìkòkò. Ó ní, "Ọnárébù, tí o bá kú ńkọ́?"

Mo rò pé ó ń gbé mi ṣépè. Ó ní rárá, pé òun ń bi mí ni. Pé tí mo bá kú, tàbí tí mi ò sí ní káńsù mọ́, ṣé odò ni àwọn ọmọ ọmọ òun yóò padà sí nítorí rọ́bà? Ó ní àwọn ti sọ ọ́ láàárín ara wọn: náírà mẹ́wàá lóṣù láti yàrá kọ̀ọ̀kan. Obìnrin méjì á di àpótí mú, kọ́kọ́rọ́ lọ́dọ̀ ọ̀kan, àpótí lọ́dọ̀ ìkejì. Wọ́n sì ti bá ọmọ kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe sọ̀rọ̀, kí mẹkáníìkì tí mo mú wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ̀rọ náà. Wọ́n ti ṣètò tán kí n tó dé. Ohun tí wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ mi kò ju kí n bá mẹkáníìkì sọ̀rọ̀.

Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò àgbo yẹn, mi ò lè sọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé mo ń ṣe wọ́n lóore, mo ń kọ́ wọn láti máa dúró dè mí ni. Mo sì fẹ́ràn kí wọ́n máa dúró dè mí. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti yí bí mo ṣe ń jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀ padà. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan, mo fà á sí ìlà mẹ́ta: ẹni tó wá, ohun tó béèrè, ohun tí a jọ ṣe sí i. Tẹ́lẹ̀, owó ni mo máa ń mú jáde lápò, igba náírà níhìn-ín, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ́hùn-ún, gbèsè ń gorí gbèsè. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, mo rí i pé ìdajì àwọn tó ń wá kì í ṣe owó ni wọ́n nílò. Ọkùnrin ọmọlanke, ìwé àṣẹ ni kò ní, kò sì mọ yàrá tí wọ́n ti ń gbà á. Obìnrin kan ń wá ìwé ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀. Ẹlòmíràn fẹ́ kí ẹnìkan bá òun ka lẹ́tà ni.

Ìdajì tó kù, owó ni wọ́n nílò lóòótọ́, mi ò sì ní purọ́ pé mo dá wọn padà. Àwọn èèyàn ìlú ńlá máa ń fi òṣèlú àmàlà ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n máa ń sọ bí èrò ṣe máa ń wọ́ lọ jẹun nígbà kan nílé Lamidi Adedibu, àgbà òṣèlú Ìbàdàn, ní Mọlété. Ní Èkìtì ní 2018, "dìbò kóo sebẹ̀" di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ. Ẹni tó bá ti jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀ rí kò ní yára bú ẹni tó gba oúnjẹ. Ebi kì í gbọ́ àròyé òfin. Ohun tí mo kórìíra ni kí ẹni tó lè fi omi, ilé ìwòsàn àti owó oṣù sí ìlú kọ̀ láti fi í síbẹ̀, kó wá gbé abọ́ àmàlà kalẹ̀ nígbà ìbò bí ẹni pé ọrẹ ni.

Kí n sọ ti àpòòwé. Ọdún kan, nígbà tí ìṣirò owó ọdún dé iwájú wa, wọ́n pín àpòòwé fún wa kí a tó jókòó. Wọ́n ní owó mọ́tò ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe owó mọ́tò, nítorí ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni láti ilé mi dé káńsù. Mo gbà á. Mo fi san owó ilé ìwé. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pín ṣọ́ọ̀bù tuntun inú ọjà, orúkọ àwọn tó gba ṣọ́ọ̀bù kò ní ìyá aláta kan nínú, àwọn tó ti ń tajà lórí ilẹ̀ náà ní ogún ọdún. Mo dìde láti sọ̀rọ̀. Ẹni tó jókòó ní òdìkejì wò mí, ó fi ọwọ́ pa àpò agbádá rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Mo jókòó padà. Kò sí ohun tí mo ṣe nínú òṣèlú tó ń jí mi lóru bí ìjókòó yẹn. Àwọn ìyá náà kò mọ̀ títí di òní, wọ́n ṣì ń kí mi, "Ọnárébù wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú."

Sáà wa parí ní ìparí oṣù Karùn-ún 2002. Ọ̀rọ̀ bóyá wọn yóò fi kún ọdún mẹ́ta wa ti dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n sì ti ní ilé aṣòfin Abuja kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi kún un. Ìbò tuntun kò wáyé. Alámòójútó ni wọ́n yàn sí káńsù káàkiri orílẹ̀-èdè, títí di 2004. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo di ará ilé, aago márùn-ún ààbọ̀ lù, mo jí, mo tẹ́tí. Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Ìyàwó mi ní, "Ẹ padà sùn." Mi ò rí oorun sùn. Mo jáde lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, èmi nìkan, títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo tún du ipò ní 2004. PDP ti gba ìpínlẹ̀ náà ní ọdún tó ṣáájú, ó gba wọ́ọ̀dù wa náà. Mo padà sí kíláàsì.

Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní 11 oṣù Keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, pé káńsù tí a kò dìbò yàn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, omi bọ́ lójú mi nídìí rédíò. Ìdá 20.60 nínú 100 owó àpapọ̀ Nàìjíríà ni ti ìjọba ìbílẹ̀ 774. Mo rántí akápò wa tó ń kà á dé ìsàlẹ̀ tí kò bá nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo tún rántí àpòòwé. Owó lè dé tààrà kó tún dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò lè dìde sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ fún ọmọ àbúrò mi nígbà tó wá bá mi lóṣù tó kọjá pé òun fẹ́ ṣe kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa. Ó mú obì wá, ó mú fọ́tò pọ́sítà tó ti yà dání. Ó rẹwà nínú rẹ̀.

Mi ò gbà á nímọ̀ràn, mi ò sì ní kó má ṣe é. Mo bi í bóyá ìyá rẹ̀ mọ̀. Mo wá wọlé lọ gbé ìwé àkọsílẹ̀ náà jáde, etí rẹ̀ ti ká, kòkòrò ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣí i, ó ń ka orúkọ. Ó ní, "Bàbá, àwọn tí ẹ kò fàmì sí yìí ńkọ́?" Mo ní àwọn tí a kò tíì parí tiwọn ni. Mẹ́rin ló kù. Méjì nínú wọn ti kú. Ìkẹta ti kó lọ sí Èkó. Ìkẹrin ni obìnrin tó ń wá ìwé ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ti ní ìyàwó báyìí, iṣẹ́ kan ló fẹ́ gbà tí wọ́n ti ní kó mú ìwé náà wá. Mo sọ fún ọmọ àbúrò mi pé kó bá mi gbé e lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí a má lọ lọ́jọ́ Ajé, kó sì ṣe ẹ̀dà mẹ́ta.